Rudolf Diesel àti Ooru tí Ń Ṣòfò

Ní Erúnmu, ìlú kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá lẹ́bàá Ìbàdàn, àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí i ká, ohùn ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àjèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Òun ni ó ń lọ ẹ̀gẹ́ tí a ó fi ṣe gàrí, òun ni ó ń lọ àgbàdo àti ata, òun náà ni ó sì ń fún ilé ní ìmọ́lẹ̀ nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Ọmọdé tí ó bá ń ṣeré nítòsí ilé ẹ̀rọ ni a kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan páìpù tí èéfín ń gbà jáde, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sàlẹ́ńsà, nítorí pé ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè bó ènìyàn lára. Bí omi bá ta sí i, kíá ni omi náà yóò hó tí yóò sì gbẹ. Owó epo ni ó sọ páìpù náà di gbígbóná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbóná rẹ̀ kò lọ ẹ̀gẹ́, kò lọ ata, kò sì tan iná. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń bọ́ sí lásán. Ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá irú òfò yìí jà ni Rudolf Diesel, ọkùnrin ará Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ epo tí a ń rà káàkiri ayé.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1858, ni a bí Rudolf Diesel ní Paris, olú ìlú ilẹ̀ Faransé. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Faransé. Láti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣí wá síbẹ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Theodor ni orúkọ baba rẹ̀, ìwé dídì àti iṣẹ́ awọ ni ó sì ń ṣe. Elise ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Rudolf ni ó sì ṣìkejì. Ilé wọn kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń ran baba rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń gbé ọjà tí baba rẹ̀ bá ṣe tán lọ fún àwọn tí ó rà á. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, inú ilé ńlá kan tí a kó àwọn ẹ̀rọ ayé àtijọ́ jọ sí ní Paris ni ó fẹ́ràn láti máa lọ, a sì máa fi ìwọ̀nba pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀ ya àwòrán wọn sínú ìwé.

Ní ọdún 1870, nígbà tí Rudolf di ọmọ ọdún méjìlá, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Jámánì. Ìjọba Faransé kò fẹ́ rí àwọn ará Jámánì ní ìlú mọ́. Bí Theodor àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti fi ilé àti iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n sì sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyà kò kéré lára wọn níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ rí i pé agbára àwọn kò ká ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n rán an lọ sí ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì, sí ọ̀dọ̀ ìbátan wọn kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ìyapa yìí dùn ún, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni òun yóò ṣe. Ọkàn baba rẹ̀ kò kọ́kọ́ lọ sí i, nítorí pé ó fẹ́ kí ọmọ tètè máa mówó wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yẹsẹ̀. Òun ni ó ṣe ipò kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1873, nígbà tí ó sì di 1875 a fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ẹnjiníà ní Munich.

Ní Munich ni ó ti bá ọkùnrin kan pàdé tí ó yí ayé rẹ̀ padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl von Linde ni orúkọ ọkùnrin náà, òun sì ni olórí nínú àwọn tí ó kọ́ ayé bí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣe yìnyín. Ní ọjọ́ kan Linde ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń fi omi híhó ṣiṣẹ́, irú èyí tí ó ń fa ọkọ̀ ojú irin nígbà náà. Ó fi yé wọn pé nínú gbogbo ooru tí èédú bá mú jáde lábẹ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 6 sí 10 péré nínú 100 ni ó ń di iṣẹ́. Gbogbo ìyókù ń bá èéfín àti omi gbígbóná lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Rudolf lára. Lójú rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá kórè ọgọ́rùn-ún iṣu, tí ó ju àádọ́rùn-ún sínú odò, tí ó sì gbé mẹ́wàá relé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí òun sí, òun yóò wá ọ̀nà tí òfò yìí yóò fi dínkù.

Ní 1879, nígbà tí ìdánwò ìkẹyìn kù sí dẹ̀dẹ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá a dùbúlẹ̀, kò sì lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí ara rẹ̀ le, kò jókòó lásán. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Sulzer ní ilẹ̀ Switzerland. Ní oṣù kìíní 1880 ó padà wá ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege tayọ. Lẹ́sẹ̀kan náà ni Linde gbà á sí iṣẹ́, tí ó rán an lọ sí Paris, ìlú tí a ti lé òun àti àwọn òbí rẹ̀ kúrò ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe yìnyín ni ó lọ bá wọn kọ́ síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó sì di ọ̀gá rẹ̀. Ní 1883 ó fẹ́ Martha Flasche, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta.

Láti mọ ohun tí Diesel rí nínú iṣẹ́ yìnyín, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń mú nǹkan tutù. A kì í dá òtútù bí ẹni dá iná. Ooru ni a ń gbé kúrò. Àmù inú ilé ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Omi díẹ̀ a máa sun jáde lára àmù, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e lọ. Bí omi yìí ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru lára èyí tí ó kù nínú àmù; ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù ní ọ̀sán gangan. Ohun kan wà tí a ń pè ní amóníà, òórùn rẹ̀ ta púpọ̀, ó sì yá láti gbẹ ju omi lọ fíìfíì. Bí amóníà tí ó ti di olómi bá ń gbẹ nínú páìpù, yóò fa ooru lára gbogbo ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀, títí omi yóò fi di yìnyín. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni bí amóníà tí ó ti di afẹ́fẹ́ yóò ti tún padà di olómi, kí ó lè tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti gbà yanjú ìṣòro yìí. Ọ̀nà ti Linde ni pé kí ẹ́ńjìnnì máa fi agbára tẹ amóníà pọ̀ nínú páǹpù títí yóò fi di olómi. Ọ̀nà kejì ti ṣáájú rẹ̀. Ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Ferdinand Carré ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1859. Carré mọ̀ pé omi tútù a máa mu amóníà bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu òjò, àti pé bí a bá dáná sí omi náà, kíákíá ni yóò pọ̀ ọ́ jáde. Amóníà tí iná lé jáde bẹ́ẹ̀ a há sínú páìpù, a fún ara rẹ̀ pọ̀, a sì di olómi bí páìpù náà bá ti tutù; lẹ́yìn èyí a gbẹ, a mú ibi tí ó wà tutù, omi a sì tún mu ún padà. Nínú ẹ̀rọ Carré, iná ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe nínú ẹ̀rọ Linde. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ooru fúnra rẹ̀ lè bí òtútù.

Bí Diesel ti ń ṣe yìnyín ní ọ̀sán ni ó ń ro ọ̀ràn ooru ní òru. Ó kọ́kọ́ rò pé bí òun bá lo amóníà dípò omi nínú ẹ̀rọ, òfò yóò dínkù, nítorí pé ooru díẹ̀ ni ó ń mú amóníà hó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gbìyànjú rẹ̀ ní Paris, ṣùgbọ́n kò rí i ṣe bí ó ti fẹ́. Ẹlòmíràn ìbá ti jáwọ́. Ní 1890 ó kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Berlin láti máa bá iṣẹ́ Linde lọ, níbẹ̀ ni èrò tuntun sì ti dì nínú ọkàn rẹ̀. Kí ni a ń wá omi tàbí amóníà fún, nígbà tí afẹ́fẹ́ wà níbi gbogbo?

Ẹni tí ó bá ti fi páǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí páǹpù náà a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ pọ̀ ni ó ń gbóná bẹ́ẹ̀. Diesel rò ó pé bí a bá tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi nínú sílíńdà irin tí ó nípọn, yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá fún sínú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná, láìsí pọ́lọ̀ọ̀gì. Iná yìí yóò ti písítìn sísàlẹ̀, písítìn yóò sì yí irin. Bí títẹ̀ náà bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ tí a ó rí nínú epo yóò ti pọ̀ tó. Ní oṣù kejì 1892 ó mú èrò yìí lọ sí iwájú ìjọba ní Berlin, ní 1893 wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Èrò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì yìí yóò ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké lọ́wọ́, kí àwọn náà lè ní agbára tí ó jẹ́ pé àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó ń ní in nígbà náà.

Àwọn ẹnjiníà púpọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní Augsburg àti ilé-iṣẹ́ Krupp gbà láti ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, 1893, wọ́n kọ́kọ́ fún epo sínú ẹ́ńjìnnì náà. Ìró ńlá kan dún bí ìbọn. Ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára inú sílíńdà fọ́ yángá, ó sì kù díẹ̀ kí àwọn èérún rẹ̀ pa àwọn tí ó dúró níbẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn yòókù, ṣùgbọ́n inú Diesel dùn, nítorí pé epo ti gbiná láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì tún un ṣe. Ní ọjọ́ 17, oṣù kejì, 1894, ó fi agbára ara rẹ̀ yí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Oníṣẹ́ tí ó dúró tì í rí i pé ẹ̀rọ náà kò tún nílò ẹni tí yóò yí i mọ́. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ṣí fìlà ni.

Ọdún mẹ́ta mìíràn tún kọjá nínú títú àti títò. Ní oṣù kejì 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter ti Munich wá yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò níwájú gbogbo ènìyàn. Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ti 20 ẹṣin. Nígbà tí wọ́n wọn epo tí ó mu àti iṣẹ́ tí ó ṣe, wọ́n rí i pé ìdá 26 nínú 100 ooru epo náà ni ó di iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní ayé nígbà náà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tí àwọn ẹ̀rọ omi híhó púpọ̀ ti ń rí ìṣù mẹ́wàá tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, Diesel ti rí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n àwọn 74 yòókù ńkọ́? Apá kan wọn bá omi tí ń mú ara ẹ́ńjìnnì tutù lọ. Apá kan gbóná jáde pẹ̀lú èéfín. Díẹ̀ sì ṣòfò níbi tí irin ti ń ha irin. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe Diesel ni ó fa gbogbo rẹ̀. Láti 1824 ni Sadi Carnot, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Faransé kan, ti fi hàn pé ooru kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá ń ti ibi gbígbóná lọ sí ibi tútù, gẹ́gẹ́ bí omi kò ti lè yí àgbá àfi bí ó bá ń ti òkè ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹ́ńjìnnì tí ó lè sọ gbogbo ooru rẹ̀ di iṣẹ́. Nígbà èwe rẹ̀ Diesel lérò pé òun yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òfò run pátápátá. Ohun tí ó rí gbà kéré sí èyí tí ó lérò, síbẹ̀ ó tóbi ju èyí tí ẹnikẹ́ni ti rí ṣáájú rẹ̀.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Ní 1897 náà, ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Adolphus Busch, san mílíọ̀nù kan máàkì fún ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ẹ́ńjìnnì náà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn ará Rọ́ṣíà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wá. Ní 1900 ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní Paris, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Ilé-iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì Diesel kan wá síbẹ̀ tí òróró ẹ̀pà ni ó ń mu, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹni pé epo tirẹ̀ gan-an ni. Ìjọba Faransé ni ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀pà tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà lè máa fún àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní agbára láìjẹ́ pé wọ́n ń ra èédú tàbí epo láti òkèèrè. Diesel kò gbàgbé ọ̀ràn yìí títí ó fi kú. Ó gbà pé òróró tí àgbẹ̀ ń gbìn lè wúlò lọ́jọ́ iwájú bí epo inú ilẹ̀ àti èédú. Ní 1912 àwọn ará Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í lo Selandia, ọkọ̀ òkun ńlá tí ẹ́ńjìnnì Diesel ń tì, tí kò sì nílò èédú rárá.

Bí òkìkí ti ń kàn ni wàhálà ń pọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ tà kò dúró ire. Púpọ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó rà wọ́n, wọ́n sì dá wọn padà. Àwọn kan pè é lẹ́jọ́ pé èrò àwọn ni ó jí. Iṣẹ́ àṣejù àti ìrònú fọ́ ọ lára, tí ó fi di pé ní 1898 a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láti sinmi. Orí fífọ́ kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó kọ́ ilé ńlá kan sí Munich, ó sì fi owó púpọ̀ ra ilẹ̀ àti ìpín nínú àwọn òwò tí kò yé e tó bí ẹ̀rọ ti yé e. Ọkùnrin tí ó mọ ibi tí gbogbo ooru inú epo ń lọ kò mọ ibi tí owó tirẹ̀ ń lọ. Ní 1903 ó kọ ìwé kan nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti máa dá owó jọ kí àwọn fúnra wọn lè ní ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rà á kò tó nǹkan. Nígbà tí ó fi di 1913, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ń pè é ní ọlọ́rọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, ní ilẹ̀ Belgium, ó ń lọ ṣe ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá àwọn tí wọ́n jọ ń lọ jẹun, wọ́n sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jí òun ní àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Wọ́n wọlé, wọ́n rí i pé kò sí ẹni tí ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Fìlà àti kóòtù rẹ̀ ni wọ́n rí ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ní etí ibi tí òkun wà. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn atukọ̀ ará Holland rí òkú ọkùnrin kan lójú omi. Wọ́n mú àwọn nǹkan kéékèèké inú àpò rẹ̀, wọ́n sì dá òkú náà padà sínú òkun. Eugen ọmọ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé ti baba òun ni àwọn nǹkan náà. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ́ sómi. Àwọn mìíràn ní ó ṣeé ṣe kí ó ṣèèṣì já bọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń fura pé wọ́n pa á ni. Òkun kò rojọ́.

Ọkùnrin náà kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ kò kú, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀ kò tán. Àwọn ẹ́ńjìnnì Diesel ńlá inú ọkọ̀ òkun òde òní a máa sọ nǹkan bí ìdajì ooru epo di iṣẹ́. Àwọn kéékèèké, irú èyí tí ń lọ ẹ̀gẹ́ ní abúlé, kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Èéfín tí ń jáde lára wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ kíkan a máa gbóná tó 300 sí 500 ní òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ omi kò ju 100 lọ kí ó tó hó. Àwọn tí ó tẹ̀lé Diesel wá rí i pé bí ooru yìí kò bá lè yí irin mọ́, ó ṣì lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nínú ọkọ̀ òkun, a máa ń jẹ́ kí èéfín gba inú ìkòkò irin ńlá kọjá láàárín àwọn páìpù omi, ooru rẹ̀ a sì pèsè omi gbígbóná fún gbogbo inú ọkọ̀ láìra epo mìíràn.

Níbi òtútù, ọ̀nà Carré ni a padà sí. Ní 1922 àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, fi ọ̀nà náà ṣe fìríìjì tí kò ní ohun kankan tí ń yí nínú rẹ̀. Ooru nìkan ni ó ń fẹ́. Ìran rẹ̀ ni fìríìjì oníkẹrosíìnì tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa mọ̀, tí àtùpà kékeré ń jó nídìí rẹ̀ tí omi sì ń di yìnyín lókè. Ohun tí àtùpà lè ṣe, páìpù èéfín lè ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí ooru rẹ̀ bá dúró déédéé. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń fi ẹ́ńjìnnì ara wọn pèsè iná, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà tí ń gba ooru èéfín àti ti omi ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń fi í mú ilé àti ọjà tutù. Báyìí ni epo kan ṣoṣo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: ó ń tan iná, ó ń gbé omi kaná, ó sì ń mú nǹkan tutù.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀ràn náà rọrùn bí ẹni mu ẹ̀kọ. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní májèlé nínú, nítorí náà kò gbọdọ̀ kan omi tí a ó lò. Páìpù ni ó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí a bá fún ọ̀nà èéfín pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì kò ní lè mí, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Amóníà tí ó bá jò lè ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹni tí ó mọṣẹ́ nìkan ni ó sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnnì abúlé tí ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan ní ọjọ́ ọjà kò lè mú ẹran tutù títí di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹ̀rọ òtútù kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná kò nira tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún ilé ìwòsàn tàbí ilé-ẹ̀kọ́, ooru tí a ń jù nù lè pa owó igi ìdáná mọ́.

Nínú ìgbésí ayé Rudolf Diesel, ẹ̀kọ́ méjì ni ó hàn gbangba. Èkíní ni pé ènìyàn lè mọ bí a ti ń dín òfò inú ẹ̀rọ kù, kí ó má sì mọ bí a ti ń dá ara rẹ̀ sí. Ìsinmi àti ìmọ̀ràn àwọn ẹlòmíràn kì í ṣe òfò fún ẹni tí iṣẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé iṣẹ́ ọgbọ́n kì í tán lọ́wọ́ ẹnì kan. Carnot fi ààlà ooru hàn, Carré fi iná ṣe yìnyín, Linde kọ́ Diesel, Diesel sì gba ìdá 26 níbi tí àwọn baba rẹ̀ nínú iṣẹ́ ti ń gba 10. Èyí tí ó kù ṣì ń jáde láti páìpù èéfín ní Erúnmu àti ní ibi gbogbo tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún, ó ń dúró de ẹni tí yóò mọ ìlò rẹ̀.